Bí Wọ́n Ṣe Sọ Okùn Ọkọ̀ Di Áńtẹ́nà ní Odò Hamble

Omi ti fà ní odò Hamble nígbà tí a débẹ̀, afárá tó lọ síbi tí wọ́n so àwọn ọkọ̀ mọ́ sì ti dàgẹ̀rẹ́ débi pé a ní láti di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú ká tó lè sọ̀ kalẹ̀. Òpó ọkọ̀ oníìgbòkun ló kún gbogbo ojú ọ̀run, okùn ń lu òpó kan-kan-kan nínú atẹ́gùn. Ẹni tó bá ti gbé nítòsí Southampton mọ ariwo yẹn. Ẹ̀gbọ́n tí mo tẹ̀ lé wá, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀rọ, ò tilẹ̀ gbọ́ ọ mọ́. Okùn irin kan ṣoṣo ni wọ́n ń wò: èyí tó ti orí òpó ọkọ̀ wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìdí ọkọ̀, tí kì í jẹ́ kí òpó náà ṣubú síwájú. Okùn ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n fẹ́ gé lọ́jọ́ náà, kí wọ́n lè sọ ọ́ di áńtẹ́nà.

Ham ni Ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwọn tó ń fi rédíò tiwọn bá ara wọn sọ̀rọ̀ kárí ayé láìgba kọ́bọ̀, tí wọ́n ti ṣe ìdánwò, tí ìjọba sì ti fún ní ìwé àṣẹ àti àmì ìpè. Ofcom ló ń fún wọn níwèé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ wọn níbẹ̀, RSGB, ti wà láti 1913. Wọ́n wà ní Nàìjíríà náà, 5N ni àmì ìpè tiwọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ìwé ham ò ní kéèyàn máa sọ̀rọ̀ lórí rédíò táwọn ọkọ̀ òkun fi ń pe ara wọn. Ìyẹn ní ìwé tirẹ̀ àti ìdánwò tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ṣe méjèèjì, rédíò méjèèjì ló sì wà nínú ọkọ̀ wọn.

Nílé, ham tó bá ní ọgbà lè na wáyà láti orí òrùlé dé ara igi. Ọkọ̀ tó gùn ní mítà 11 ò ní ọgbà. Gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ló ti níṣẹ́ tó ń ṣe, ṣe ni áńtẹ́nà máa yá àyè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn.

Odò Hamble ṣàn lọ sínú Southampton Water, ìyẹn sì ṣí sínú Solent, omi tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti erékùṣù Isle of Wight. Ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn erékùṣù yẹn, ní Alum Bay, ni Guglielmo Marconi gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí nínú òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìparí 1897, tó sì ń dán an wò pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú omi, áńtẹ́nà lára òpó wọn. Nígbà tó yá, ní 1919, ó ra ọkọ̀ ńlá kan fún ara rẹ̀, Elettra, ó sì sọ ọ́ di ilé ìwádìí. Inú ọkọ̀ yẹn ló wà ní èbúté Genoa ní 1930 tó fi rédíò tan iná ní gbọ̀ngàn ìlú Sydney, lódìkejì ayé. Mo rán Ẹ̀gbọ́n létí ìtàn yìí bí a ṣe ń gbé àpótí irinṣẹ́ wọnú ọkọ̀. Wọ́n ní, "Marconi ní àwọn òṣìṣẹ́. Èmi ni mò ń fọ ọkọ̀ tèmi."

Ọ̀dọ́kùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣiṣẹ́ òpó ọkọ̀ ló ti ń dúró dè wá. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó mú okùn méjì tí wọ́n fi ń fa ìgbòkun sókè, ó fà wọ́n wá sẹ́yìn, ó so wọ́n mọ́ igun méjèèjì ìdí ọkọ̀, ó sì fi wíńṣì fún wọn pinpin. Bí okùn ẹ̀yìn bá kúrò láìsí ohun tó máa di òpó mú, ìgbòkun tàbí atẹ́gùn díẹ̀ á dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló jókòó sínú àga aṣọ tó ní bẹ́líìtì, tó gun òpó náà bí adẹ́mu ṣe ń gun ọ̀pẹ, àfi pé èmi àti Ẹ̀gbọ́n la jẹ́ igbà tirẹ̀: a ń yí wíńṣì, a ń làágùn.

Orí òpó ti kún. Áńtẹ́nà rédíò òkun wà níbẹ̀, iná alẹ́ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ náà wà níbẹ̀. Ó wu Ẹ̀gbọ́n kí áńtẹ́nà ham tó kéré, ti 145 MHz, wà láàárín wọn, nítorí pé rédíò irú èyí ò lè kọjá ibi tí áńtẹ́nà lè fojú rí lọ púpọ̀. Bí áńtẹ́nà ọkọ̀ méjì bá ga ní mítà 16 sí omi, wọ́n lè gbọ́ ara wọn dé nǹkan bíi kìlómítà 33. Bó bá jẹ́ mítà 3 ni wọ́n ga, ó di 14. Ọkàn Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ẹ́ kúrò lórí 33 yẹn.

Oníṣẹ́ òpó kọ̀ láti òkè wá, ó ń pariwo kí atẹ́gùn má baà gbé ohùn rẹ̀ lọ. Ṣánẹ́ẹ̀lì 16, tí ọkọ̀ ń fi ké pe ìrànlọ́wọ́, wà lórí 156.8 MHz, kò jìnnà sí 145 rárá. Bí áńtẹ́nà méjèèjì bá dúró ti ara wọn, bí ọ̀kan bá ti ń sọ̀rọ̀, èkejì á di adití. Ó tún ní wáyà tó máa gòkè lọ síbẹ̀ ńkọ́? Èyí tó tínínrín, RG-58, bó bá gùn tó mítà 20, á ti jẹ ju ìdajì agbára rédíò lọ kó tó dókè. RG-213 nípọn, kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó wúwo, ohun tó bá sì wúwo lórí òpó ló ń mú kí ọkọ̀ máa yí sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀gbọ́n rojọ́ díẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ara irin ẹ̀yìn ọkọ̀ ni áńtẹ́nà kékeré náà bọ́ sí, ní mítà 3. Mo fara mọ́ ọ̀dọ́kùnrin náà. Àwọn ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ ham tó sì ń tún un sọ sínú afẹ́fẹ́ wà lórí òkè ní etíkun yẹn, ọkọ̀ tó bá sún mọ́ ilẹ̀ lè lò wọ́n; ọkọ̀ tó bá sì ti jìnnà sílẹ̀, 145 MHz kọ́ ló máa gbà á.

Èyí tó máa gbà á ni okùn ẹ̀yìn. Rédíò tó ń lo 7, 10, 14 MHz àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ṣe é fún, irú èyí tí ìgbì rẹ̀ máa ń lọ lu òkè ọ̀run kó tó padà wá sílẹ̀ lọ́nà jíjìn. Àmọ́ okùn náà so mọ́ òpó irin lókè, ó so mọ́ irin ọkọ̀ nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá gbé iná rédíò sí i bẹ́ẹ̀, gbogbo ọkọ̀ ló máa gbà á. Nítorí náà wọ́n máa gé e níbi méjì, wọ́n á fi ínsúlétọ̀, ohun tí kì í jẹ́ kí iná kọjá, sí ojú méjèèjì, kí àárín rẹ̀ lè dá dúró.

Ibo ni kí wọ́n gé e sí? Èmi rò pé bó bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe dára tó. Ẹ̀gbọ́n mú bírò, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé owó epo kan. Pín 150 sí iye MHz, èsì rẹ̀ ni gígùn ìdajì ìgbì ní mítà: fún 14.2, mítà 10.6, fún 10.1, mítà 14.9, fún 7.1, mítà 21. Gígùn tí túnà, ẹ̀rọ tó ń mú rédíò àti áńtẹ́nà bára mu, kì í fẹ́ẹ́ rí nìyẹn, nítorí pé bí wáyà bá ṣe déédéé pẹ̀lú ìdajì ìgbì, fólítéèjì rẹ̀ nídìí túnà á lọ sókè kọjá ohun tí túnà lè fara dà. Ẹ̀gbọ́n wá àyè tó wà láàárín wọn. Mítà 12 ààbọ̀ ni wọ́n mú, láti ẹnu túnà dé ínsúlétọ̀ òkè. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí odidi ìgbì kan fún 24.9 MHz. Wọ́n ní kò sẹ́ni tí àwọn fẹ́ bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ínsúlétọ̀ náà rọra wúwo lọ́wọ́ mi. Mo bi oníṣẹ́ òpó pé bí ike àárín rẹ̀ bá là ńkọ́, nígbà tó jẹ́ pé òun ló di òpó mú? Ó tú ọ̀kan hàn mí. Irin orí rẹ̀ méjèèjì gba inú ara wọn kọjá, ike ló kàn là wọ́n láàárín. Bí ike bá fọ́, irin á há mọ́ irin, áńtẹ́nà á kú, òpó á sì wà níbi tó wà. Èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó ní òun kì í fi sórí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé ti ìsàlẹ̀ ga ju ibi tí ọwọ́ ẹni tó dúró lórí ọkọ̀ lè dé lọ, nítorí pé wáàtì 100 péré lè fi fólítéèjì tó ga gan-an sára okùn yẹn, ẹni tó bá dì í mú nígbà tí rédíò ń sọ̀rọ̀ á jóná lọ́wọ́.

Èrò mi ni pé bó bá jẹ́ ọkọ̀ tèmi, mi ò ní gé okùn náà. Àwọn kan wà tí wọ́n kàn ń ki wáyà sínú okùn lásán, tí wọ́n ń fà á sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ẹ̀yìn bí ẹni ta àsíá, tí wọ́n á sì sọ ọ́ kalẹ̀ bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán. Owó rẹ̀ kéré, òpó ò sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti gbọ́, àmọ́ ìgbà tí ìjì bá dé lèèyàn ń fẹ́ kí áńtẹ́nà ti wà lókè.

A ò kúkú tíì dé ibi tí àwọn ará Kon-Tiki dé. Ní 1947, nígbà tí Thor Heyerdahl àti àwọn márùn-ún mìíràn gun igi tí wọ́n dì pọ̀ láti Peru la Pàsífíìkì kọjá, àwọn náà ní rédíò ham, àmì ìpè wọn ni LI2B. Wọ́n tiẹ̀ fi bàlúùnù gbé wáyà áńtẹ́nà wọn sókè. Wọ́n ní ayékòótọ́ kan lọ́dọ̀, ẹyẹ náà ò sì ní ohun méjì tó fẹ́ràn ju kó gé wáyà yẹn lọ: wọ́n á wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ham kan ní Amẹ́ríkà, etí wọn á kàn dákẹ́ lójijì. Síbẹ̀, pẹ̀lú rédíò tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì mélòó kan péré, wọ́n kí ọba Norway kú ọjọ́ ìbí láti àárín òkun yẹn. Bí iná tí kò tó ti gílóòbù kékeré ṣe rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀yìn omi tó wà lábẹ́ wọn.

Mo rí ohun tí omi ń ṣe nígbà tí a wọnú ọkọ̀ lọ. Àwọn tó ń kọjá lórí afárá ń gbójú sókè wo ọ̀dọ́kùnrin tó wà lórí òpó, àwọn kan ń ya fọ́tò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n dojú bolẹ̀ nínú ihò kan nídìí ọkọ̀, ẹsẹ̀ wọn nìkan ló yọ síta. Ihò yẹn ni ìdajì áńtẹ́nà náà wà. Iná tí rédíò bá tì sókè sínú okùn gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò ti ta ẹsẹ̀ lé. Nílé, ham máa ń ri wáyà mọ́lẹ̀ fún un, ilẹ̀ lásán kì í sì í fẹ́ẹ́ gba iná. Omi òkun ń gba iná tó bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ẹni tó bá lè fọwọ́ kan omi yẹn ti ní ohun tí ham tó ń gbé Ìbàdàn tàbí London ò lè fowó rà.

Ọkọ̀ fáíbà sì nìyí, fáíbà kì í gba iná. Túnà wà nínú ihò náà, wọ́n skúrù rẹ̀ mọ́ ògiri kó lè sún mọ́ okùn ẹ̀yìn. Láti ìdí rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ti tẹ́ bàbà pẹlẹbẹ kan, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, ó fẹ́lẹ́ bí ìwé, gba abẹ́ ibùsùn kọjá, gba ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi, dé orí páìpù onídẹ kan tó yọ sínú òkun, ó sì tún dé ibi irin wúwo tó wà lábẹ́ ikùn ọkọ̀. Mo béèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe wáyà lásán. Wọ́n ní iná rédíò kì í gba inú bàbà, ojú ara rẹ̀ ló ń gbà. Bó bá ṣe fẹ̀ tó ni ọ̀nà rẹ̀ ṣe gbòòrò tó. Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Gbogbo igun ni wọ́n ti ní láti ká bàbà yẹn láìjẹ́ kó ya, etí rẹ̀ sì mú débi pé ìka Ẹ̀gbọ́n méjì ti gba báńdéèjì kó tó di ọ̀sán.

Ìgbà tó délẹ̀ tán ni wọ́n mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n sì gé bàbà náà sí méjì. Mo pariwo. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi àlàfo bíi mílímítà 3 sílẹ̀, wọ́n wá fi lẹ́ẹ̀dì jó àwọn kàpásítọ̀ kéékèèké lé àlàfo náà lórí, wọ́n tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iná rédíò á fo kàpásítọ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, iná bátìrì ò ní lè kọjá. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bàbà náà á so gbogbo irin inú ọkọ̀ pọ̀, idẹ, irin àti òjé, nínú omi iyọ̀ kan náà. Wọ́n á di bátìrì láìsẹ́ni tó pète rẹ̀, èyí tó bá lágbára á sì máa jẹ èyí tí kò lágbára títí omi á fi ráyè wọlé. Ẹ̀gbọ́n ti rí ọkọ̀ tí ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí. Wọn ò sọ ti ta ni.

Wáyà tó ti túnà lọ bá okùn ẹ̀yìn ò gba àkókò. Wáyà tí ara rẹ̀ nípọn, tó lè gba fólítéèjì ńlá, ni wọ́n lò. Wọ́n fi àwọn ike kéékèèké gbé e kúrò lára ìsàlẹ̀ okùn, wọ́n fi ike bò ó níbi tí ọwọ́ lè dé, wọ́n fi téèpù tó ń yọ́ mọ́ ara rẹ̀ di ojú ìsopọ̀ rẹ̀ kí iyọ̀ má wọ̀ ọ́. Ní gbogbo ibi tí wáyà bá ti wọnú ọkọ̀, wọ́n jẹ́ kó kọ́kọ́ tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé, kí òjò lè máa kán síta.

Nígbà tí wọ́n tan rédíò, ariwo la gbọ́, ṣàà, bí ìgbà tí òjò ń rọ̀. Kì í ṣe àṣìṣe. Gbogbo ọkọ̀ tó wà ní èbúté yẹn ló so mọ́ iná ilé, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní agbára nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ń tú ìdọ̀tí sínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀gbọ́n yọ tiwọn, ariwo lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ìyókù ò sí lọ́wọ́ wọn àyàfi kí ọkọ̀ jáde. Wọ́n fi wáàtì 10 dán túnà wò: ó ń ró kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú ihò rẹ̀, ó wá dákẹ́. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Gbogbo fíríkúẹ́ńsì tí wọ́n fẹ́ ló gbà, 24.9 ló kọ̀.

Wọ́n wá gbé agbára lọ sí 100. Ẹ̀rọ tó ń darí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti wà ní títàn, nítorí pé Ẹ̀gbọ́n mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Wọ́n pe àmì ìpè wọn lẹ́ẹ̀kan, sítíárì ọkọ̀ sì yí pátápátá sápá òsì, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀.

"Àbúrò, ta ló ń wà á?"

"Ẹ̀yin náà ni, Ẹ̀gbọ́n."

Kọ́ńpáàsì oníná ẹ̀rọ náà ni ìgbì rédíò wọ̀, ó sì rò pé ọkọ̀ ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Nínú òkun, lóru, pẹ̀lú ìgbòkun tó kún fún atẹ́gùn, ìyẹn lè ṣẹ́ nǹkan. Ohun tó kù nínú ọ̀sán yẹn, orí rẹ̀ la lò ó: a ń wá gbogbo wáyà ẹ̀rọ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, a ń fi féráìtì há wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn òkúta dúdú onírin tó máa ń dí ìgbì rédíò lọ́nà. Féráìtì kì í wọ́n, àmọ́ ó gba kéèyàn dọ̀bálẹ̀ síbi tí kò fẹ̀ tó èèyàn. Wọ́n tún sún wáyà kan tó fara ti bàbà pẹlẹbẹ náà kúrò níbẹ̀, èrò mi sì ni pé ìyẹn gan-an ló yanjú rẹ̀. Sítíárì dúró jẹ́ẹ́ lórí wáàtì 100. Ó kàn ń gbọ̀n díẹ̀ lórí 7 MHz, Ẹ̀gbọ́n sì ní àwọn á máa fọwọ́ wa ọkọ̀ nígbà tí àwọn bá wà níbẹ̀.

Lórí 14 MHz, ham kan dáhùn láti erékùṣù Azores. Ó bi Ẹ̀gbọ́n léèrè irú áńtẹ́nà tí wọ́n ń lò, nítorí ohùn wọn lágbára. Wọn ò tíì lè fi "maritime mobile" kún àmì ìpè wọn bí ọkọ̀ ṣe so mọ́ èbúté yẹn. Ìyẹn di ojú òkun. Wọ́n ti kọ 14.300 MHz sínú ìwé wọn, níbi tí àwọn ham orí ilẹ̀ ti máa ń tẹ́tí sí àwọn tó wà lójú omi, wọ́n sì kọ 7880 kHz, níbi tí ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Jámánì ti máa ń fi àwòrán ìjì ránṣẹ́ láti Pinneberg sí ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá ní ẹ̀rọ tó lè gbà á.

Mo bi wọ́n pé ṣebí Starlink wà báyìí, mo rí abọ́ rẹ̀ lórí ọkọ̀ mẹ́ta láàárín ibi tí a wà yẹn nìkan. Wọ́n ní àwọn náà lè rà á, àwọn sì lè máa sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Rédíò yìí, bó bá bàjẹ́, àwọn lè tú u. Mi ò rò pé ìyẹn ni gbogbo ìdí rẹ̀. Ojú wọn tàn nígbà tí ará Azores dáhùn, Starlink ò lè ṣe ìyẹn. Síbẹ̀ wọn ò fi rédíò ham ṣe ohun tí wọ́n máa gbẹ́kẹ̀ lé bí ọkọ̀ bá ń rì: ẹ̀rọ EPIRB tó ń ké pe sátẹ́láìtì wà lára ògiri, ṣánẹ́ẹ̀lì 16 sì wà lórí rédíò òkun. Wọ́n tún fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa kọ́ sára wáyà áńtẹ́nà, níbi tí wọ́n ti lè tètè fà á yọ kúrò lẹ́yìn rédíò bí mànàmáná bá ń kọ.

Oníṣẹ́ òpó ti kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó tún fọwọ́ tẹ okùn ẹ̀yìn, ó yí skúrù rẹ̀ díẹ̀ sí i, ó sì gba owó rẹ̀, èyí tí Ẹ̀gbọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fi lé e lọ́wọ́. Wọ́n sọ fún un pé Spain làwọn ń lọ, àwọn á gba òkun Biscay kọjá. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Cowes ní Isle of Wight, kí wọ́n padà wá, nítorí pé ojú ìsopọ̀ tuntun máa ń nà bí ìgbòkun bá ti fà á. Òun á tún wo ínsúlétọ̀ méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ Biscay fún òun.